Ọjọ́ Tí Mo Sìnkú Bàbá Mi Nínú Ilé Àwòrán

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí etí kì í ti í sinmi. Àwọn tírélà tó tò láti Creek Road máa ń fun fèrè títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun nínú yàrá wa, àfi kó pariwo bí ẹni tó ń jà. Nígbà tí mo wá dé Hámbọ́ọ̀gì lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí wọ́n fún mi ní yàrá kékeré kan lókè ilé màmá arúgbó tí mo wá tọ́jú, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ṣí fèrèsé, bóyá màá gbọ́ ìró ọkọ̀. Yìnyín ló ń bọ́ níta. Òun náà ò dún.

Mo ki ìka bọ etí, mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Mo rò pé etí mi ti di.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọkùnrin kan pàdé lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò wa ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó yára wọ ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún dúró gbọọrọ.

Màmá tí mò ń tọ́jú, Hẹ́líga lorúkọ wọn. Ọmọ wọn obìnrin, Sàbínè, ló gbà mí síṣẹ́, nítorí pé iyè màmá ti ń ra. Lárààárọ̀ ni wọ́n máa ń là lójú, tí wọ́n á wò mí, tí wọ́n á ní, "Ta nìwọ?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú yín, Màmá."

"Ó dáa. Orúkọ rẹ ńkọ́?"

Màá sọ fún wọn. Kí n tó po tíì tán, wọ́n á tún bi mí. Ṣùgbọ́n inú wọn dáa. Bí mo bá fi ṣíbí bọ́ wọn, wọ́n á ní kí èmi náà jẹ, wọn ò sì ní la ẹnu àyàfi tí mo bá jẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára wọn kí n lè wẹ̀ fún wọn, ògiri ni mò ń wò. Nílé wa, ta ló ń wo ìhòòhò ẹni tó tó bí ìyá ẹni? Màmá rí i pé ojú ń tì mí. Wọ́n rọra di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi kànrìnkàn sí i, wọ́n gbé e lé èjìká ara wọn, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, àga ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń kún gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo lè máa rìn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ láìjẹ́ pé ohùn jáde lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá obìnrin tó ń ta oògùn jiyàn ní èdè wọn, tí mo sì borí rẹ̀, ẹ̀rín ni mo ń rín dé ilé. Mo wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún, n kò rí. Mo pe bàbá mi.

"O bá òyìnbó jà?" ni wọ́n wí.

"Mo bá a jiyàn ni, Bàbá."

"Ní èdè rẹ̀?"

"Ní èdè rẹ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n fi orúkọ àbúrò mi pe ìyá mi. "Ìyá Múfú! Wá gbọ́ o! Ọmọ rẹ ti ń bá òyìnbó jà ní èdè òyìnbó!" Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà dá àpárá fún gbogbo àdúgbò.

Bàbá mi ti jẹ́ làbúrà ní wáàfù Àpápá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Àpò sìmẹ́ǹtì ni o, ìrẹsì ni o, ẹja dídì ni o, kò sí ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá tí èjìká wọn ò mọ̀. Nígbà tí agbára ò gbé e mọ́, wọ́n di ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ ìlú kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń béèrè: "Kí ni wọ́n ń já níbẹ̀?" Wọ́n ti gbọ́ pé Hámbọ́ọ̀gì ní èbúté ńlá, wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi. Mo fi ọjọ́ Sọ́ńdè kan wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo dúró létí omi, mo pè wọ́n.

"Bàbá, mo ti débẹ̀ o."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ni wọ́n ń já?"

"Kọ̀ǹténà ni. Ẹ̀rọ ló ń gbé e."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Mi ò rí èèyàn kankan, Bàbá."

Wọ́n wá ní, "Ta ló wá ń jẹun níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo àwọn ẹ̀rọ gíga yẹn tó ń yí ọrùn wọn láìsí ẹni tó ń pariwo, láìsí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni, omijé sì bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá. Wọ́n gbé Ajégúnlẹ̀ títí irun orí wọn fi funfun, síbẹ̀ ará òkè ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Bí a bá wá lọ sí Ìsẹ́yìn nígbà ọdún Iléyá, àwọn ọmọdé á máa pariwo pé àwọn ará Èkó ti dé. Àwa ọmọ ò sì gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ìsẹ́yìn dáadáa. Píjìn ló ń já lẹ́nu wa, àwọn mọ̀lẹ́bí á máa wò wá bí ẹni ń wo àlejò. Mo rò pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, ìṣòro yẹn á parí, pé ní òkè òkun, ará Nàìjíríà ni èmi, ó tán. Kò tán. Èèyàn lè jẹ́ àlejò níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó yá, ohùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lórí fóònù. Wọn ò béèrè ohun tí wọ́n ń já mọ́. Àbúrò mi Múfútáù, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Wharf Road, ló wá là á yé mi.

"Àǹtí mi, this one don pass àgbo o. Kíndìnrín ni. Wọ́n ní wọ́n á máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn."

Mo ní mò ń bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò tíì fún mi ní tuntun. Lọ́yà tó ń bá mi ṣe é, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, wò mí lójú: "Bí o bá jáde báyìí, o ò ní wọlé mọ́." Bí n kò bá sì wọlé mọ́, kí ni wọn á fi máa fọ ẹ̀jẹ̀ náà? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bí mo bá lọ wo bàbá mi, mo lè pa wọ́n. Bí n kò bá lọ, wọ́n lè kú láìfojú kàn mí. Mo ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn, mo ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá tèmi ló sì ń dá gbé ìdí bàbá mi sókè lórí ẹní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo wọ ilé ìwẹ̀ tí mo ṣí omi sílẹ̀ kí Màmá má bàa gbọ́ mi.

Bàbá fúnra wọn ló pè mí nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ wá.

"Kí lo fẹ́ wá ṣe? Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

"Mo fẹ́ rí yín, Bàbá."

"Jókòó síbi tó o wà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Nígbà tí bàbá tèmi kú ní Ìsẹ́yìn, àpò ni mò ń rù lọ́wọ́ ní Àpápá. Awakọ̀ kan ló wá jẹ́ iṣẹ́ fún mi. Wọ́n ti sin wọ́n tán kó tó dé."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà."



Ọjọ́ ìbí Màmá Hẹ́líga ló gbé wa dé ilé àwòrán, ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí fún wíwò. Sàbínè bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Màmá, tí wọn ò rántí oúnjẹ tí wọ́n jẹ láàárọ̀, ní àwọn fẹ́ lọ wo àwòrán kan tí àwọn máa ń lọ wò nígbà tí àwọn wà lọ́mọge. Wọ́n dárúkọ ìlú tó wà, wọ́n ní ó wà ní gbọ̀ngán tó kángun. Sàbínè ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlú náà jìn. Èmi ò tíì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kódà nígbà tí mo wà l'Ékòó. Nígbà tí a débẹ̀, Sàbínè ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan nítòsí, òun á padà wá pàdé wa. Ó kù èmi àti Màmá lórí àga onítáyà wọn.

Ilé náà ga, ó sì funfun, bí ilé ìwòsàn tí kò ní aláìsàn. Nínú gbọ̀ngán kan, òkìtì òkúta ni wọ́n kó jọ sílẹ̀, wọ́n fi okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nínú òmíràn, tapólì ńlá kan ni wọ́n fi kọ́ ògiri. Ó ti ya, ọ́ìlì ti rin ín gbingbin, irú èyí tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù ní Àpápá. Àwọn èèyàn káwọ́ sẹ́yìn níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá kí ọba. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní bí mo bá padà délé, màá pe Bàbá, màá sọ fún wọn pé òyìnbó ti gbé tapólì kọ́ ògiri, wọ́n sì ń sanwó wò ó. Mo tiẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu, kó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín dáadáa.

Mi ò mọ̀ pé Bàbá ti kú láti àsùbá.

A dé gbọ̀ngán tó kángun. Mo ti rò pé màá rí igi, tàbí odò, tàbí ojú èèyàn. Àwòrán tí Màmá wá wò, dúdú ni. Láti òkè délẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì, dúdú.

"Màmá, kí ni wọ́n yà síbẹ̀?"

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Má wá nǹkan kan. Jókòó ṣá."

Mo jókòó lórí àga gígùn tó wà níwájú rẹ̀. Bí ojú mi ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé dúdú náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ibìkan dúdú bí èédú, ibìkan dúdú bí omi inú kànga. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù gbọ̀n lápò mi.

"Àǹtí mi." Múfútáù ni.

"Múfú, kí ló dé?"

"Ẹ jókòó, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Baba don go." Píjìn ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ò lè gbé e ní Yorùbá.

Mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin, mo gbọ́ fèrè tírélà. Múfútáù ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń yára, ó ń wá ìrànlọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá pè láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní ká gbé wọn bọ̀ wálé, pé ẹnì kan kì í sun oko. Àwọn ààfáà ibí ní ká sin wọ́n lẹ́yìn ìrun àìlà. Ọ̀nà ò dáa, Àǹtí mi, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí lójú ọ̀nà. Ìyá ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Kí ni ká ṣe?"

Mo wo àwòrán dúdú yẹn. Gbogbo èèyàn ló ń dúró de ẹnu mi, èmi tí n kò lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá mi.

"Ẹ sin wọ́n sí Èkó," ni mo wí. "Wọ́n ti gbé ibẹ̀ ju bí wọ́n ṣe gbé Ìsẹ́yìn lọ."

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá á bínú o."

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Mo jìnnà. Kí ìbínú wọn tó dé ọ̀dọ̀ mi, á ti rẹ̀ ẹ́." Mo gbé fóònù sí etí kejì. "Tan fídíò nígbà tí ẹ bá ń lọ, Múfú. Mo fẹ́ wà níbẹ̀."

"Màá tàn án. Mo ti ra dátà."

Igbe tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn ìyẹn, ẹlẹ́ran ara kan ò lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n níbo ni n bá ti ké e? Ilé yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ìró bàtà ara wọn. Mo fi ìborùn mi di ẹnu, mo tẹ orí mọ́ orúnkún. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó wò mí, ó wo àwòrán náà, ó mi orí bí ẹni pé òun náà mọ̀ ọ́n lára, ó lọ.

Màmá Hẹ́líga fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. "Kí ló dé tí o fi ń sunkún?"

"Bàbá mi kú, Màmá."

"Áà! Nígbà wo?"

"Lónìí."

Wọ́n fa orí mi mọ́ra, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wo ojú mi. "Kí ló dé tí o fi ń sunkún?"

Mo pe Sàbínè, kò gbé e. Ìta tutù, n kò lè gbé arúgbó síbẹ̀. Ilé oúnjẹ ìsàlẹ̀ kún fún ariwo àwo. Mo ń ti àga onítáyà náà kiri láti gbọ̀ngán sí gbọ̀ngán, mo ń wá ibi tí màá ti sin bàbá mi, títí mo fi rí yàrá kan tó ṣókùnkùn. Ògiri kan ṣoṣo ló ní ìmọ́lẹ̀. Òkun ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, ìgbì lórí ìgbì, láìsí ohùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo gbé Màmá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

Fídíò wọlé. Múfútáù ń rìn lọ, àdúgbò wa sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀: páànù, wáyà iná, gọ́tà. Mo rí òkú nínú aṣọ funfun. Bàbá mi ti kéré. Èjìká tó ru gbogbo ẹrù wọ̀nyẹn, ọkùnrin mélòó kan gbé e láìmí gúlegúle. Mo rí àwọn ará ọ̀gbà wáàfù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n ṣí fìlà. Bó bá ṣe pé ilé ni mo wà, wọn kì bá tí jẹ́ kí n dé itẹ́ òkú. Ọkùnrin ló ń lọ síbẹ̀, àwa obìnrin á wà nílé pẹ̀lú ìyá mi. Fóònù ló gbé mi débi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé.

Ààfáà ní kí wọ́n tò. Mo dìde. Kò sí omi tí mo lè fi ṣe àlùwàlá, n kò sì mọ ibi tí gábásì wà nínú òkùnkùn yẹn. Mo gbé fóònù lé etí àga Màmá, mo ká ọwọ́ láyà. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi: ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan, wọ́n wọlé, wọ́n dúró. Mo gbójú kúrò lára wọn.

Ẹ̀ṣọ́ ilé náà wọlé tẹ̀ lé wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan. "Madam, wọn ò gbọdọ̀ lo fóònù níbí," ni ó wí ní èdè Jámánì. Kí n tó fèsì, ohùn ààfáà ti jáde láti Èkó: "Allāhu Akbar." Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo fóònù, ó rí aṣọ funfun.

"Baba?" ni ó bi mí.

Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará Tọ́kì bíi tirẹ̀ fi ń pe bàbá. "Bàbá mi ni," ni mo wí ní Yorùbá, ó sì gbọ́ mi.

"Ìnnà lílláhì," ni ó wí. Ó fọwọ́ kan èjìká mi fẹ́ẹ́rẹ́, ó yí mi díẹ̀ sápá òsì, ó nawọ́ síwájú láti fi hàn mí: ibí ni gábásì. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na apá, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé.

Mo kírun sí bàbá mi lára, ojú mi sí ògiri tí òkun wà. Nígbà tí a sálámà, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ó wọni lára gan-an." Wọ́n ń wá orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà náà lára ògiri. Wọ́n rò pé èmi àti arúgbó àti fóònù wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wíwò. Ẹ̀ṣọ́ náà yíjú padà.

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọnà," ni ó wí fún wọn. "Ẹ jáde."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n jáde.

Nínú fóònù, wọ́n ti gbé Bàbá dé etí kòtò. Àwọn kan bọ́ sínú rẹ̀ láti gbà wọ́n. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ni àwòrán fídíò dúró. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ Múfútáù, sálúbàtà rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Kò yí mọ́. Ohùn nìkan ló ń wọlé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra." Mo gbọ́ pákó. Mo gbọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́ lu pákó. Ohùn náà wá lọ.

"Múfú! Múfú!"

Mo tún un pè, kò wọlé. Mo tún un pè. Ẹ̀ṣọ́ náà yọ fóònù tirẹ̀, ó fún mi ní dátà tirẹ̀, síbẹ̀ kò wọlé. Mo wo sálúbàtà yẹn títí fóònù fi ṣókùnkùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké. Mi ò fi ìborùn di ẹnu mọ́. Mo ké bí wọ́n ṣe ń ké ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo ilé funfun yẹn sì gbọ́ mi. Ẹ̀ṣọ́ náà ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní kí n dákẹ́.

Sàbínè dé, ó bá wa nísàlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé wọ́n ti dàgbà?"

"Wọ́n ti dàgbà."

"Ó sàn bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni, mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo aago. "Ṣé wàá lè wẹ̀ fún Màmá bí a bá délé? Èmi ní ìpàdé."

Mo ní màá lè ṣe é.

Nínú rélùwéè, Sàbínè ki ohun tó fi ń gbọ́ orin bọ etí, ó pa ojú dé. Mo ń wo oko tó funfun lójú fèrèsé. Nílé, wọ́n á ti tẹ́ ẹní sí gbogbo iwájú ilé wa. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Urhobo á ti gbé ìkòkò kaná láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn á máa wọlé, wọ́n á máa jókòó ti ìyá mi, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán á dìde fún ẹlòmíràn. A kì í fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Èmi rèé, mo wà láàárín àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn.

Màmá Hẹ́líga wò mí láti orí àga wọn. Ojú wọn yí padà. "Kí ló dé tí o fi ń sunkún?"

"Bàbá mi kú, Màmá."

"Yéè! Ọmọ mi!" Omi lé sí wọn lójú. Wọ́n ní ọmọ ni èmi náà, pé kò sí bí ọmọ ṣe lè dàgbà tó tí kò ní nílò bàbá. Oko ń kọjá. Wọ́n tún wò mí. "Kí ló dé?" Mo tún sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n bi mí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, mo sì sọ fún wọn nípa wáàfù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí Bàbá tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú láìsọ nǹkan kan. Ìgbà kan, wọ́n kọ orin ìjọ wọn sí mi létí. Ìgbà kan, wọ́n ní wọ́n rántí ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá tiwọn, pé ẹ̀fúùfù gbé fìlà àlùfáà lọ, mo sì rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, omijé ọ̀fọ̀ ń ṣàn lójú àwa méjèèjì.

A délé ní àsìkò màgàríbì. Mo wẹ̀ fún Màmá, mo wọ aṣọ fún wọn, mo gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó ti wọ́n, mo pe ìyá mi. Ohùn wọn ti há.

"Ìyá mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn."

"Ọmọ mi. A ti ṣe é. Múfú ní o rí i."

"Mo rí i, Ìyá."

"Alhamdulillahi." Mo ń gbọ́ ìkíni lẹ́yìn wọn, àwo, ọmọdé, ààfáà. Wọ́n ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Màmá ibí wà ní ẹ̀gbẹ́ mi."

"Arúgbó yẹn nìkan? Kò sí ẹni tó wá kí ọ?" Ẹkún fẹ́ gba ohùn wọn. "Ọmọ mi, ṣé o dá jókòó ni?"

Mo gbójú sókè. Màmá Hẹ́líga ò tíì sùn. Wọ́n ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, wọ́n ń wo omi ojú mi, ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là láti béèrè, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Wọ́n wá kí mi, Ìyá mi."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀," ni mo wí. "Ẹlòmíràn tún ń wọlé bọ̀ báyìí."